Sẹ́ẹ̀lì Pẹ̀lú Ń Darúgbó

Ní 1912, Alexis Carrel bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọkàn ọmọ adìẹ tí wọn kò tíì pa nínú ìgò ní New York. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì náà kò kú, kò sì darúgbó. Ayé gbà á gbọ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Leonard Hayflick rí ohun mìíràn ní Philadelphia. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó ń tọ́ ń pín sí méjì-méjì. Tó bá tó nǹkan bí ìgbà 50, a dáwọ́ dúró. Àbí oúnjẹ ló bàjẹ́ ni? Òun àti Paul Moorhead po sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin tó ti gbó mọ́ ti obìnrin tó ṣì kéré, nínú ìgò kan náà. Nígbà tó yá, ti obìnrin nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló ní májèlé, ṣé kì bá ti pa méjèèjì? Ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan kọ iṣẹ́ náà, kí òmíràn tó tẹ̀ ẹ́ ní 1961.

Ẹ kíyè sí i: sẹ́ẹ̀lì tó dáwọ́ dúró kò kú. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń tu oje tó ń ba àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó ń wúre fún ogbó yóò fẹ́ gbọ́ ti 2011. Ní Mayo Clinic, wọ́n mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kúrò lára eku tí wọ́n ṣe kó tètè gbó. Iṣan wọn kò tètè joro, ojú wọn kò tètè ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.