Àárín Ọjọ́ Tí Àbùlẹ̀ Jáde àti Ọjọ́ Tí A Lẹ̀ Ẹ́: Àkíyèsí Lórí Àtúnṣe Oṣooṣù fún Windows

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú pépà yìí: ewu tó wà láàárín ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò jáde fún ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà àti ọjọ́ tí oníkọ̀ǹpútà fi í sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àbùlẹ̀ ni a óò máa pe àtúnṣe yìí, nítorí pé bí àbùlẹ̀ ti ń dí ojú ihò lára aṣọ ni òun náà ń ṣe. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ń kó àbùlẹ̀ Windows jáde pọ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, kí àwọn alábòójútó ẹ̀rọ lè múra sílẹ̀ dè é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó fi àbùlẹ̀ falẹ̀ kàn dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. A kò fara mọ́ èrò yìí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àbùlẹ̀ bá jáde gan-an ni aláǹgbá púpọ̀ ń mọ ibi tí ògiri ti lanu. Ẹni tó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí lè fi ètò àtijọ́ wé titun, kí ó wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ mọ ihò tí wọ́n dí. Ẹni tí kò tíì lẹ tirẹ̀ bọ́ sínú ewu tó ju ti àná lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Microsoft gbé àbùlẹ̀ MS17-010 jáde fún ihò kan nínú SMB, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, àwọn kan tó pe ara wọn ní Shadow Brokers tú EternalBlue, irinṣẹ́ tó ń gba ihò náà wọlé, síta gbangba. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, WannaCry dé. Ó ń ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn fún un, ó ń ti fáìlì pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọjọ́ 59 ni gbogbo rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí National Audit Office, ọ́fíìsì tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ, ó kéré tán, 80 nínú 236 àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní agbègbè márùn-ún, aláìsàn pàjáwìrì ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ìtọ́jú. Windows XP tó ti gbó ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Windows 7 tí a kò lẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tó kó o, bẹ́ẹ̀ àbùlẹ̀ tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta.

A kò ní í sọ pé ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tó falẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara aláìsàn kì í ṣe ohun tí a ń pa tí a ń tàn bó ti wù wá, àṣẹ ẹni tó ṣe é sì lè jẹ́ dandan kí a tó fọwọ́ kàn án. Àtúnṣe fúnra rẹ̀ sì lè ba nǹkan jẹ́: ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, àtúnṣe CrowdStrike (kì í ṣe ti Microsoft o) dá nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ Windows dúró. Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ kí a kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀rọ díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a tó fi sórí ìyókù. Èyí tí a kò bá lè lẹ̀ rárá, kí a yà á kúrò láàárín àwọn yòókù, kí ọ̀nà àtita má ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìròyìn tí a mẹ́nu bà lókè sọ pé àwọn àjọ tó kó WannaCry ìbá ti dáàbò bo ara wọn bí wọ́n bá ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì wọn dáadáa, yálà wọ́n lẹ àbùlẹ̀ tàbí wọn kò lẹ̀ ẹ́.