Lẹ́tà Méjì Lára Ìgò Ṣanpéènì

Lóde àríyá l'Ékòó, ìgò ṣanpéènì kì í dá wọlé. Wọ́n á taná sí i lọ́rùn, wọ́n á gbé e sókè, onílù á yí ìlù padà, gbogbo tábìlì á sì mọ ẹni tó rà á. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn gan-an lẹnikẹ́ni kì í sábà bèèrè. Ẹ̀yin aládùúgbò mi lẹ bèèrè o: ta ló ṣe é, ibo ni àjàrà rẹ̀ ti hù, kí ló sì dé tí àwọn kan fi ń wá ti àgbẹ̀ kékeré kiri nígbà tí ti olórúkọ ńlá kún ìta? Ẹ jẹ́ ká rọra tú u wò.

Ẹ gbé ìgò kan sún mọ́ ojú. Lára pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tó kéré gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ NM, ilé iṣẹ́ tó ń ra àjàrà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ṣe é. Moët & Chandon àti Veuve Clicquot wà nínú ọ̀wọ́ yìí. CM ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti kó èso wọn pọ̀. Ti MA, orúkọ ẹlòmíràn, bí àpẹẹrẹ ilé ìtajà ńlá kan, ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọtí tí kì í ṣe òun ló ṣe é. RM lèyí tí à ń wí: àgbẹ̀ tó gbin àjàrà náà ló fún un, òun ló pọn ọ́n, òun náà ló rọ ọ́ sígò. Ìwọ̀nba díẹ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ni òfin gbà á láyè láti rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Agbègbè Champagne wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ní àyíká ìlú Reims àti Épernay. Ọgbà àjàrà ibẹ̀ tó nǹkan bí 34,000 hẹ́kítà. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yìí ló wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ilé ńlá ló ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí tó ń jáde níbẹ̀. Ẹni tó nilẹ̀ kọ́ ló ń jẹ orúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti dìjà rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kòkòrò ń jẹ gbòǹgbò àjàrà, ìkórè ọdún 1910 bàjẹ́, àwọn oníṣòwò kan sì ń kó àjàrà olówó pọ́ọ́kú wá láti ibòmíràn, wọ́n ń fi orúkọ Champagne tà á. Ní 1911, àwọn àgbẹ̀ fárígá. Wọ́n fọ́ àgbá, wọ́n da ọtí nù, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, wọ́n dáná sun ilé àwọn oníṣòwò ní ìlú Aÿ. Sójà ni ìjọba kó wá. Òfin tó fìdí ààlà agbègbè náà múlẹ̀ kò dé àfi ní 1927.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ọtí náà kò yàtọ̀ láàárín ilé ńlá àti àgbẹ̀ kékeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já èso. Òfin kò fàyè gba ẹ̀rọ. Nínú 4,000 kílò àjàrà, omi tí wọ́n lè fún kò gbọdọ̀ ju 2,550 lítà lọ. Omi yìí á kọ́kọ́ di wáìnì lásán tó kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọ ọ́ sígò pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà, wọ́n á sì dé e pa. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà, á tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà, inú ọtí ló máa wọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìgò ṣanpéènì fi nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi wáyà de kọ́ọ̀kì rẹ̀.

Nígbà tí ìwúkàrà bá kú, á di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Wọn kì í yára yọ ọ́. Ọtí á wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó tutù, tí wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sínú ẹfun, ibẹ̀ ló sì ti ń gba òórùn búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Oṣù 15 ló kéré jù kí ìgò tó kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá gbé ọdún ìkórè kan sára pépà á lo ọdún 3. Níkẹyìn, wọ́n á rọra dorí ìgò kodò títí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á fi kóra jọ sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á ṣí i kó tú jáde, wọ́n á fi wáìnì àti ìwọ̀n ṣúgà tó wù wọ́n dí àlàfo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré máa ń kọ oṣù tí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ yìí sẹ́yìn ìgò, kí ẹni tó rà á lè mọ bó ṣe pẹ́ tó láti ìgbà náà.

Níbo ni ìyàtọ̀ wá wà? Ilé ńlá ń ra èso láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé, ó sì ń tọ́jú wáìnì ọdún àtijọ́ pamọ́. Ó ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ìgò tẹ́ ẹ mu lọ́dún yìí lè rí bákan náà pẹ̀lú tèṣí. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u fún yín. Àgbẹ̀ kò ní ju ilẹ̀ tirẹ̀ lọ, abúlé kan ṣoṣo nígbà mìíràn. Bí òtútù bá pa ìrudi àjàrà lóṣù kẹrin, tàbí tí yìnyín bá bọ́ sórí oko, kò sí abúlé mìíràn tó máa fi dí i. Ẹni tó bá ní adẹ́mu kan tó máa ń ra ẹmu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ irú nǹkan yìí: ọ̀pẹ kan ò jọ èkejì, àárọ̀ kan ò jọ òmíràn, ìyẹn gan-an la sì ṣe ń padà lọ.

Ẹ wo abúlé díẹ̀ ní Champagne. Ní Avize àti Le Mesnil-sur-Oger, àjàrà Chardonnay ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ ẹfun, ọtí rẹ̀ sì máa ń mú lẹ́nu bí ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ń lo orúkọ Pierre Péters wà ní Le Mesnil. Ní Ambonnay, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Egly-Ouriet wà, àjàrà dúdú Pinot Noir ló pọ̀ jù. Wọ́n ń rọra fún un kí àwọ̀ èèpo má bàa wọ inú omi, ọtí rẹ̀ sì kún ẹnu dáadáa. Àgbẹ̀ kan, Anselme Selosse ti Avize, ló la ojú ọ̀pọ̀ èèyàn: ó dín iye èso tí igi kan ń so kù, ó pọn ọtí nínú àgbá onígi, ó fi hàn pé àgbẹ̀ lè ṣe ohun tó kọjá ti ilé ńlá. Owó ọtí tirẹ̀ ti wá ga débi pé mi ò ní ní kẹ́nikẹ́ni rà á. Ṣùgbọ́n RM kì í ṣe ẹ̀rí pé ọtí dára. Àgbẹ̀ ọ̀lẹ náà ń kọ RM.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ gbàgbé yìnyín tí à ń kó kún kọ́ọ̀bù. Òtútù àpọ̀jù máa ń pa òórùn. Ìwọ̀n 8 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Selsiọsi tó. Ẹ lo ife wáìnì tó gbòòrò níkùn, ẹ má rọ ọ́ kún, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fẹnu kàn án, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lórí ahọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ṣúgà rẹ̀ pẹ̀lú. Brut Nature kò tó gíráàmù 3 ní lítà kan, wọn kò sì fi ṣúgà kún un rárá. Brut kò tó 12. Demi-Sec wà láàárín 32 sí 50. Extra Dry, pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀, dùn ju Brut lọ.

Oúnjẹ tó bá a mu jù lójú tèmi ni àkàrà gbígbóná tàbí ẹja díndín, nítorí kíkan rẹ̀ ń gé epo lẹ́nu. Dòdò máa ń mú kí Brut Nature kan gógó. Ata rodo sì ń gbóná sí i tí ọtí tó ń hó bá bá a pàdé, nítorí náà Demi-Sec ló yẹ ẹni tí kò lè fi ata sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ igba èèyàn lẹ fẹ́ ṣe lálejò, ẹ ra ti ilé ńlá, kò ní dójú tì yín. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó máa jókòó mu ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ sọ fún ẹbí yín tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Párísì kó bá yín wá ìgò tó ní RM lára.