Ìbátan, Ìran àti Ìfẹ́ra-sọ́nà láàrin Àwọn Ọ̀dọ́ Yorùbá ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáárà

Láwùjọ Yorùbá, ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré. Ìdílé méjì ni ó ń so pọ̀. Ìdí nìyí tí ìwádìí fi máa ń ṣáájú ìtọrọ láyé àtijọ́. Alárìnà àti àwọn àgbà yóò wádìí bóyá àrùn ìdílé tàbí ìwà àbùkù wà níbẹ̀, wọn yóò sì wádìí bóyá ìbátan wà láàrin ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin náà. Lóde òní, ìfẹ́ra-sọ́nà ni ó sábà máa ń ṣáájú. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí àṣírí ìbátan tó tú, nígbà tí ọkàn àwọn méjèèjì ti fà mọ́ra. Pépà yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ìbátan, kí olùkọ́ lè là á yé akẹ́kọ̀ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó di ẹkún.

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwùjọ

Láti àwọn ọdún 1920 tí a ti ń kọ́ èbúté Àpápá ni iṣẹ́ ti ń fa èrò wá sí agbègbè náà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi Ajégúnlẹ̀, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn lónìí, ṣe ibùgbé. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ígbò, Ìjọ̀ àti Ùròbò ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìdílé onílẹ̀ ní ìdí láti máa rántí ìran wọn, nítorí pé ilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, gbé dé Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì dá ní 1921, jẹ́rìí sí i pé ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni ilẹ̀ ẹbí. Ayálégbé kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá lọ sílé, tí a kò sì kì í ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ọmọọmọ lè má mọ agbo ilé tí bàbá àgbà ti jáde.

Ìbátan nínú èdè Yorùbá

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tí a ń pè ní kọ́sìn. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni ọmọ ìyá ẹni; ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò náà sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àti ọmọ àbúrò ìyá. Orúkọ erékùṣù Hawaii ni Murdock (1949) fi pe irú ìlànà báyìí. Ìlànà yìí ń mú kí ẹbí ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń bo ìjìnnà mọ́lẹ̀. Níbi tí èdè wa ti fi ìyàtọ̀ hàn gbangba ni àárín ọmọ ìyá àti ọbàkan. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú kíka ìbátan.

Bí a ṣe ń ka ìran

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a wá òbí ńlá tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ nítòsí jù lọ. Bí bàbá Lágbájá àti ìyá Tẹ̀mẹ̀dù bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà àti bàbá kan náà, ìbátan ìpele kìíní ni Lágbájá àti Tẹ̀mẹ̀dù. Ní ìṣirò gbogboogbò, 1/8 ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n jọ ní. Bí ó bá jẹ́ àwọn òbí àgbà wọn ni ó jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ìpele kejì ni, ó sì di 1/32. Ní ìpele kẹta, ó di 1/128.

Bí ìran kò bá dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ tí ó kúrú ni a fi ń mọ ìpele, a ó sì sọ iye ìran tí ó fi yẹ̀. Lágbájá àti ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù jẹ́ ìpele kìíní pẹ̀lú ìran kan tí ó yẹ̀. 1/16 ni wọ́n jọ ní. Bí àwọn tí ó so wọ́n pọ̀ bá sì jẹ́ ọbàkan, bí ó ti wọ́pọ̀ nílé olórogún, ìdajì ni gbogbo iye wọ̀nyí yóò jẹ́.

Àṣà, ẹ̀sìn àti òfin

Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, àṣà kò fi iye ìran pààlà. Bí àgbà bá ti lè tọ́ka sí ibi tí okùn ìbátan ti so, ó tó láti dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dúró. Òfin ìjọba kò le tó bẹ́ẹ̀. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti 1970 ka ìyá, ọmọ, arábìnrin, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí, àti ọmọ tí ọmọ ìyá ẹni bí mọ́ èèwọ̀. Kò ka ìbátan ìpele kìíní mọ́ ọn. Ìsìláàmù gba ìpele kìíní láàyè, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀lé àṣà ilé. Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983 kọ̀ ọ́, àfi bí ìjọ bá yọ̀ǹda. Ìjọ náà ń ka ìṣísẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ohun tí a pè ní ìpele kìíní níhìn-ín ni ó ń pè ní ìkẹrin.

Ọ̀rọ̀ ìlera

Bí ìbátan bá ti sún mọ́ra tó ni ewu pé kí ọmọ jogún àbùkù kan náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ti pọ̀ tó. Ní ìpele kìíní, ewu àìsàn ìbí fi nǹkan bí 2 sí 3 nínú 100 ga ju ti àwọn tí kì í ṣe ìbátan. Ní ìpele kẹta, ìyàtọ̀ náà kéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n àìjẹ́-ìbátan kì í ṣe ààbò. Nǹkan bí ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan di ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìbáà jẹ́ pé ará Ìbàdàn ni ọkọ, tí ìyàwó sì jẹ́ ará Wàrí.

Àgbálọgbábọ̀

Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ya ìlà ìran ìdílé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí òbí àgbà, níhà bàbá àti níhà ìyá, pẹ̀lú orúkọ ìlú, agbo ilé, oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀. Kí olùkọ́ ṣọ́ra, kí ó má sì ṣe fipá tú àṣírí ìdílé ẹnikẹ́ni ní gbangba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ pé bí méjì bá jọ ń jẹ́ ọmọ Oníkòyí, èyí kò sọ wọ́n di ìbátan tòsí; ó kàn tó ìdí láti béèrè síwájú sí i ni. Ìbéèrè yìí kò dójú ti ẹnikẹ́ni bí a bá tètè bi í. Bí ó bá pẹ́ kí a tó bi í, ẹni méjì tí kò ṣẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ó yẹ kí a wò kí a tó fẹ́ra sọ́nà.