Àdàkọ àti Ètò Àfọwọ́kọ: Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀ Ojú-ewé?

Bí ènìyàn bá béèrè ojú-ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà kan ní ọ̀nà jíjìn ni ó ń dá a lóhùn. Bí ojú-ewé náà yóò bá yàtọ̀ fún oníkálukú, ọ̀nà méjì ni a lè gbà pèsè rẹ̀. Èkíní ni kí a fi ọwọ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ jáde fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti ń fi èdè C àti Perl ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èkejì ni àdàkọ: a ó kọ ojú-ewé sílẹ̀ tán, a ó sì fi àlàfo sí ibi tí orúkọ tàbí iye owó yóò bọ́ sí. PHP, tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní 1995, sún wa mọ́ ọ̀nà kejì yìí.

Eré sísá ẹ̀rọ ni àwọn kan ń jiyàn lé lórí. Lójú tèmi, ọ̀ràn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ètò àfọwọ́kọ, àárín àmì àti àṣẹ ni gbólóhùn wa ń sin sí. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò mọ ètò kò lè tún àmì ohùn kan ṣoṣo ṣe níbẹ̀. Wikipedia yọ ọ̀rọ̀ ojú-ewé rẹ̀ kúrò nínú ètò PHP sínú fáìlì ọ̀tọ̀, kí àwọn atúmọ̀ èdè lè rí wọn tún ṣe. (Ti Yorùbá tilẹ̀ ń lo orúkọ náà gan-an, "Àdàkọ".)

Ẹ jẹ́ kí a fi Àjàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé ìlú náà fẹ́ ojú-ewé tí yóò máa jíṣẹ́ owó ìdàgbàsókè fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, "Ẹ ti san án" yàtọ̀ sí "Wọ́n ti san án". Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí Ìkálẹ̀ wà, arọ́pò-orúkọ méjèèjì ti di ọ̀kan: "àn án wá" lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Bí a bá kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdílé tí kò tíì san kọ́bọ̀ lè rò pé òun ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ní láti tún gbólóhùn náà hun, kí orúkọ ìdílé wọ inú rẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ó lè ṣe èyí, àdàkọ ni yóò sì gbà á láàyè.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ti san, ta ni kò san? Ètò ni kí ó wá ìdáhùn ìyẹn, kí ó sì yan àdàkọ tí ó yẹ. Àdàkọ tí a bá ki "bí èyí bá rí báyìí" bọ̀ ní gbogbo ìlà ti di ètò padà, ọmọ Ìkálẹ̀ wa kò sì ní lè kà á mọ́.