Ewé Akíntọ́lá Lẹ́yìnkùlé Wa

Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Ewé Akíntọ́lá ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ òwe yìí lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá rántí ìjà òṣèlú tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1962 yóò mọ̀ pé irú orúkọ báyìí kò lè ti ayé àwọn baba ńlá wa wá. Ewúro àti akòko kò jẹ́ orúkọ olóṣèlú kankan. Àlejò ni ewé yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àárín àti ti Gúúsù ni orírun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko, tí wọ́n ń pè é ní Chromolaena odorata, sọ pé àárín irúgbìn igi Gmelina tí a kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá wọ Nàìjíríà.

Ilẹ̀ tí ìyá mi ń gbin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ sí ni ó gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan, mo fi àdá ṣán gbogbo rẹ̀, mo sì wọ́ ọ gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà aládùúgbò wa lọ sí ààtàn. Nígbà tí òjò rọ̀, ó tún rú láti ìdí, ó sì hù sí ọgbà aládùúgbò náà pẹ̀lú. Bàbá náà pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, o ò pa á o, ṣe lo gbìn ín."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń so; èso rẹ̀ kéré, ó sì ní irun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e kiri. Àdá àti iná kì í pa ìdí rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí òjò mú kí ilẹ̀ rọ̀, a fi ọkọ́ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ó tó tanná, a sì sá a sí oòrùn. A gbin ewùrà àti ẹ̀gúsí bo ilẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn òjìji. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn náà, ọwọ́ la fi ń fà á tu. Bàbá aládùúgbò wa náà hú tirẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà.

N kò sọ pé ewé náà kò wúlò. Bí ọ̀bẹ bá bu ènìyàn, a máa ń fún omi rẹ̀ sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ṣùgbọ́n bí àlejò tilẹ̀ wúlò, kò yẹ kí ó lé onílé jáde. Bí ẹ bá lọ sílé kí oṣù Bélú tó parí, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ sì mú ọkọ́ dání.