Ọ̀rọ̀ Tó Ju Ẹkún Lọ: Robyn àti Orin Ijó Oníbànújẹ́ Rẹ̀

Kí ènìyàn gbọ́ pé olólùfẹ́ òun àtijọ́ ti rí ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn méjèèjì, ọ̀tọ̀ ni. Obìnrin inú orin "Dancing On My Own", tí Robyn, akọrin ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé jáde ní ọdún 2010, kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí àhesọ. Ó gba ilé ijó lọ. Ó dúró sí kọ̀rọ̀ kan, ó ń wo ọkùnrin náà bí ó ti ń fi ẹnu ko obìnrin tuntun lẹ́nu, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Kò fa ẹnikẹ́ni láṣọ ya. Kò sáré jáde. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín; ó fi tirẹ̀ jó ni.

Bí wọ́n ṣe hun orin náà ló jẹ́ kí ó máa gún ènìyàn lọ́kàn. Robyn àti Patrik Berger ni wọ́n jọ kọ ọ́, àwọn náà ni wọ́n sì jọ ṣètò ohùn àti ìlù rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn ìsàlẹ̀ kan láti inú kíbọ́ọ̀dù ni ó kọ́kọ́ ń wọlé, tí ó ń gbọ̀n rìrì bí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni ìlù bọ́ sí i, tí ó ń lù ní nǹkan bí ìgbà 117 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlù yìí kò dẹwọ́ nítorí pé ọkàn obìnrin kan gbọgbẹ́. Kò dúró dè é. Ohùn Robyn nìkan ló ń sunkún, ìyẹn náà sì ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu: kò pariwo, kò fi ohùn dárà. Nígbà tí ó bá dé ibi ègbè, etí wa ń gbọ́ ayọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń sọ ìbànújẹ́.

A máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé orin tí a fi ẹ̀rọ ṣe kò lẹ́mìí. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú wọn, n kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú èyí, àìlẹ́mìí ẹ̀rọ gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìfẹ́ ti já kulẹ̀ rí mọ̀ pé ayé kì í tìtorí rẹ̀ dúró: mọ́tò ń lọ, wọ́n ń ná ọjà, ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín. Ìlù tí kò mọ àánú yẹn ni ayé.

Robyn kò ṣàdédé dé ibi tí ó ti lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Robin Miriam Carlsson ni orúkọ rẹ̀, Stockholm ni wọ́n sì ti bí i ní ọdún 1979. Ní 1997, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, orin rẹ̀ méjì wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Max Martin wà lára àwọn tó bá a ṣe wọ́n, ọkùnrin kan náà tó kọ orin tó sọ Britney Spears di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà. Ọ̀nà ọlà ti là: kí ó ṣáà máa tún irú orin kan náà kọ. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde kò fara mọ́ ọ̀nà tuntun tó fẹ́ tọ̀, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì dá Konichiwa Records tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Lójú tèmi, ẹni tó ti dá dúró báyẹn mọ ohun tó ń sọ nígbà tó bá ń kọrin nípa dídá jó.

Ní Sweden, orin náà dé ipò kìn-ín-ní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ipò kẹjọ. Wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Grammy, kò gbà á. Ní 2021, ìwé ìròyìn Rolling Stone fi í sí ipò ogún nínú 500 orin tí wọ́n kà sí àgbà orin.

Calum Scott, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un kọ níbi ìdíje Britain's Got Talent ní 2015. Ó yọ ìlù kúrò, ó fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí dùùrù, ó sì sọ ọ́ di ẹkún gidi. Nígbà tí ó gbé e jáde, ó dé ipò kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ga ju ti Robyn fúnra rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. Síbẹ̀, ta ló fẹ́ jó o? Ẹni tó jókòó sunkún ni Scott fi hàn wá. Ẹni tí kò gbà láti jókòó ni ti Robyn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: Tiësto dá ìlù padà sínú ti Scott, èyí tí wọ́n sì fi ìlù sí yìí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù Philadelphia Phillies fi ń ṣe àjọyọ̀ ìṣẹ́gun wọn ní 2022.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Robyn ṣeré ní Madison Square Garden ní New York. Nígbà tí eré parí, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó wà nítòsí, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wọn. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí akọrin, àtẹ́wọ́ àti ohùn nìkan ni. Fọ́nrán rẹ̀ tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ara wọn rí, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń fi ohùn kan ṣoṣo sọ pé àwọn nìkan ni àwọn ń jó.