Bí A Ṣe Ń Fi Etí Mọ Ẹyẹ Inú Ẹgàn

Nínú ẹgàn, etí ló ń kọ́kọ́ bá ẹyẹ pàdé. Ẹni tó bá wọ igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò gbọ́ ohùn lọ́tùn-ún, lósì àti lókè orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé ojú sókè, ewé nìkan ni yóò rí. Igi ibẹ̀ ga, ewé sì bo ewé mọ́lẹ̀. Ẹyẹ tó bà sí ẹ̀ka òkè pátápátá á dúdú lójú ẹni, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ ti pa gbogbo àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀, láàárín ìtàkùn, kì í pẹ́ níbi kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó fẹ́ mọ ẹyẹ ẹgàn tí kò kọ́ ohùn wọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Igbó fúnra rẹ̀ ló sọ ohùn di nǹkan pàtàkì bẹ́ẹ̀. Ewé àti igi máa ń gbé ohùn tín-ín-rín mì, wọ́n sì máa ń dá ohùn tó ń sáré padà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dàpọ̀ mọ́ra. Ohùn tó rẹlẹ̀ díẹ̀, tó mọ́ gaara, tó sì ń fà gùn, ni í rìn jìnnà. Ní 1975, Eugene Morton, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Panama jáde. Ó rí i pé àwọn ẹyẹ ìsàlẹ̀ igbó fẹ́ràn láti máa súfèé ní nǹkan bí 2,000 hertz, ìwọ̀n tí ohùn fi ń rìn dáadáa láàárín igi, nígbà tí ti pápá gbalasa ń lo ohùn tó ń gbọ̀n, tó sì ń yára. Ẹni tó bá ti ìgboro Ìbàdàn wọ ẹgàn yóò gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kíákíá: ariwo ẹ̀gà orí ọ̀pẹ ládùúgbò kò jọ ìfé gbọọrọ tó ń ti inú igbó jáde.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní àǹfààní kan nínú ẹ̀kọ́ yìí, a kò sì lò ó tó. Láti kékeré ni etí wa ti ń ya dò, rè àti mí sọ́tọ̀. Òun ni onílù fi ń bá wa sọ̀rọ̀ tí a sì ń gbọ́ ọ. Ohùn ẹyẹ ṣeé gbé ka orí ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà kan náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í sì í kúrò lọ́kàn mọ́. Ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní red-chested cuckoo: ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, àyà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ìlà dúdú sì wà níkùn rẹ̀. Èèyàn lè gbọ́ ọ láàárọ̀ títí di alẹ́ láìfi ojú kàn án. Ìró mẹ́ta ló ń ké, láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, mí, rè, dò. Mo gbé e ka orí gbólóhùn kan: Bá mi kà! Bá mi kà! Láti ìgbà náà, mi ò tún ronú kí n tó dá a mọ̀. Àsìkò òjò ló máa ń pariwo jù, ó tilẹ̀ lè ké lóru. Kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹlòmíràn ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, ẹyẹ mìíràn ló sì ń tọ́ ọmọ náà dàgbà. Síbẹ̀, bí ọmọ yìí bá dàgbà, ohùn ìran tirẹ̀ ni yóò ké, nítorí ẹ̀jẹ̀ ló ti gbà á, kò kọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdàbà. Àmọ́ àwọn ẹyẹ olórin gidi ní láti gbọ́ orin lẹ́nu àgbà wọn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kọ, ìdí nìyí tí orin wọn fi lè yàtọ̀ láti igbó dé igbó.

Ẹlulùú ni mo máa ń sọ pé kí ọ̀dọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Etí oko àti igbó ṣúúrú ló fẹ́ràn, kò sí ẹni tó dàgbà lábúlé tí kò gbọ́ ọ rí. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń sáré sọ̀ kalẹ̀ bí omi tí a ń dà láti inú kèrègbè ọlọ́rùn tóóró. Àwọn àgbà ní òun ló ń pe òjò, tí òjò náà sì ń pa òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ó bọ́ sórí àdàbà. Oríṣi méjì máa ń wà nítòsí ara wọn, tí àwọn méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n tó yára: ti etí oko máa ń rẹ̀ sílẹ̀ lópin, ohùn rẹ̀ á sì máa rọ̀; ti inú igbó, èyí tí akọ rẹ̀ funfun láyà, kì í dín ohùn kù, ńṣe ló máa ń dákẹ́ lójijì. Ìyàtọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́ etí bí a ti ń gbọ́ òpin ohùn, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti le jù, tó sì dùn mọ́ mi jù, ni ti ìdílé greenbul. Ẹyẹ kéékèèké ni wọ́n, ara wọn jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti ṣá, wọ́n sì pọ̀ nínú igbó wa. Èyí jọ ìyẹn débi pé àwọn tó mọṣẹ́ gan-an kì í fẹ́ fi ojú lásán sọ pé ti báyìí ni. Ọ̀kan nínú wọn ní irùngbọ̀n òfeefèé, èyí tí ẹnikẹ́ni ì bá fi dá a mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í sí níbi tó ń gbé. Ohùn rẹ̀ ló tú u fó. Ó gbẹ, ó ń gé e ṣákáṣáká, kò sì mọ̀sán mọ̀ọ́rọ̀; bí gbogbo ẹyẹ bá dákẹ́ lọ́sàn-án gangan, tirẹ̀ ò ní dákẹ́. Ìbátan rẹ̀ tó kéré sí i máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, á kùn, á máa gun ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi parí i rẹ̀ lókè pẹ̀lú ohùn tó mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní ṣì wọ́n pè mọ́. Hans Slabbekoorn àti Thomas Smith ṣe ìwádìí lórí èyí tó kéré yìí ní Kamẹrúùnù, wọ́n gbé e jáde ní 2002: orin àwọn tó ń gbé ẹgàn yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń gbé ibi tí ẹgàn ti ń pàdé ọ̀dàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà ẹyẹ kan náà ni wọ́n. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a gbára lé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ ibòmíràn nìkan. Etí tó fẹ́ mọ ẹyẹ Omo, Omo ni kó ti kọ́ ọ.

Àwọn ẹyẹ kan sì wà tó ń sín ohùn ẹlòmíràn jẹ. Gbogbo wa mọ odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ kékeré kan tó wà nínú igbó ṣúúrú ẹ̀yìnkùlé ní Ìbàdàn, tí àtàrí rẹ̀ funfun tí àyà rẹ̀ sì pupa, gbówọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ẹyẹ mẹ́ta mẹ́rin léraléra láti inú igbó kan ṣoṣo, ẹ fara balẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló ń dá gbogbo rẹ̀ kọ.

Òru ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé ìbẹ̀rù ti dí etí ọ̀pọ̀ èèyàn. Kowéè ké, àyà á já. Òwìwí ké, wọ́n á ní àjẹ́ dé, wọ́n á wá òkò. Mi ò kọ ohun tí àwọn baba wa rí. Ṣùgbọ́n òwìwí inú igbó tí ẹ ń gbọ́ yẹn, tọkọtaya ni wọ́n: ọ̀kan á ké, èkejì á dáhùn, wọ́n ń fi sọ fún ara wọn ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń fi kìlọ̀ fún òwìwí mìíràn pé ilẹ̀ yìí ti ní onílẹ̀. Eku wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìwà ìkà ni pípa wọ́n nítorí ohùn wọn. Nínú ẹgàn tó ní àbàtà, ẹyẹ mìíràn tún wà, Nkulengu rail, tó ń rìn nílẹ̀ lọ́sàn-án láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun àti aya rẹ̀ á jọ máa lé orin, ti ọ̀kan á bọ́ sáàárín ti èkejì láìyẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lè ṣe é pẹ́ gan-an. Kò sí orin ẹyẹ tó wú mi lórí tó o.

Igbe yàtọ̀ sí orin, ó sì yẹ kí a kọ́ méjèèjì. Akọ ló sábà máa ń kọrin, láti fi dá ààlà àti láti fi pe abo. Ṣùgbọ́n igbe wà fún ewu, fún ebi àti fún ìpàdé. Bí àwọn ẹyẹ kéékèèké bá kóra jọ tí wọ́n ń pariwo sí ojú kan, ọdẹ mọ̀ pé kí òun má fi ẹsẹ̀ gún ibẹ̀: ejò wà níbẹ̀, tàbí òwìwí tó ń sùn. Bí ìfé bá sì pọ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ wo ẹsẹ̀ yín, nítorí ìjàlọ lè máa kọjá. Àwọn ẹyẹ kan ń tẹ̀lé ìjàlọ láti mú kòkòrò tó ń sá fún un.

Àwọn tó fi ayé wọn fún iṣẹ́ yìí ti fi ọ̀nà hàn wá. Ted Parker, ará Amẹ́ríkà tó kú nínú jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Ecuador ní 1993, ni wọ́n sọ pé ó mọ ohùn nǹkan bí 4,000 ẹ̀yà ẹyẹ lórí. Claude Chappuis, ará Faransé, gba ohùn ẹyẹ Áfíríkà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbé àkójọ sídíì 15 jáde ní 2000, tí ohùn ẹyẹ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Lónìí, ẹni tó ní fóònù lè gbọ́ ọ̀pọ̀ ohùn ẹyẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Xeno-canto, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005. Ẹ jọ̀wọ́, nǹkan kan péré: ẹ má ṣe máa tẹ ohùn yìí sókè nínú igbó láti fi tan ẹyẹ jáde. Akọ tó gbọ́ ọ á rò pé ọ̀tá ti wọlé, á fi ìtẹ́ àti oúnjẹ sílẹ̀ láti wá jà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ àgbà wa kò sí nínú àkójọ wọ̀nyí. Wọ́n ń gé igbó, wọ́n ń sọ ọ́ di oko kòkó, àwọn baba tó mọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan láti ohùn rẹ̀ sì ń lọ. Ó jẹ́ àṣà àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ pé, bí ẹyẹ bá ti dákẹ́, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n wà àti ọjọ́ tí ó jẹ́ kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọdẹ, ẹ bá wọn jáde ní ìdájí, ẹ tan fóònù yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe orúkọ ẹyẹ náà ní Yorùbá.